Ilẹ̀ Ni Mo Rà, N Ò Ra Igi

Nínú òwò ike tí mo ń ṣe, oníbàárà tó bá fẹ́ ra báàfù lọ́wọ́ mi kò ní sọ pé ó dára. Á gbé e sókè, á yí i po, á fi èékánná ta á kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, á wá yọ ṣùtì sí i. Á ní ike ìsinsìnyí ti fẹ́lẹ́ jù, pé bí èèyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sán. Èmi náà á ní kó má sín nígbà náà. Bí a ṣe ń ná ọjà ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó bá yin ọjà kó tó sanwó, ó ti fún ọlọ́jà ní okùn tí yóò fi so ó mọ́lẹ̀. Ilé ìwé tí mo lọ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tó ń pọ̀n mí kiri ọjà. Ẹ̀kọ́ yìí náà ló sì kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tajà láti ìgbà pípẹ́, ti Alhaji kan ni. Ọkùnrin náà kì í bínú. Bó bá fẹ́ fi kún owó ilé, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn. Mo máa ń sọ fún un pé eyín rẹ̀ ló ń gbọ́n owó mi lọ. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì mọ̀ pé mo gbé. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn, yóò máa ta fóònù, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì wù ú. Ó fún mi láyè títí di Iléyá ọdún tó ń bọ̀ kí n máa palẹ̀ mọ́. Kò bá mi jà. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín lé èèyàn, níbo lèèyàn ti fẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú?

Mo wá kó gbogbo ohun tí mo ní jọ: owó àjọ, èrè ọjà, wúrà etí mi tí mo ń tọ́jú de ìgbéyàwó ọmọ. Mo ní n ó ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà Òkèhò, níbi tí ìlú ń gbòòrò sí, n ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tí yóò dojú kọ títì. N ó máa tajà nínú ọ̀kan, n ó fi ìyókù háyà fún àwọn èèyàn. Bí mo bá dàgbà tí orúnkún mi ò gbé ẹrù ike mọ́, n ó kàn máa jókòó, n ó máa rẹ́rìn-ín bíi ti Alhaji.

Ẹbí kan ló ń ta ilẹ̀ náà. Mọ́gàjí wọn, ìyẹn olórí ẹbí, àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtìlẹ̀, ló mú mi débẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ilẹ̀ náà wù mí débi pé mo ní láti fajú ro kó má bàa hàn. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn lè ra ilẹ̀, kó gbẹ́ ẹ díẹ̀ kó kan àpáta, kó wá di pé òkè ló rà. Eyí kò ní àpáta. Ó tẹ́jú, ó sún mọ́ títì. Ohun kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ ni igi irúgbá kan ní àárín gbùngbùn, igi tí àwọn obìnrin ń fi èso rẹ̀ ṣe irú tí a ń fi sọ́bẹ̀. Ó tẹ́ apá rẹ̀ bí agboòrùn.

Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ sí yin igi náà. Ó ní kò sí ọdún tí kì í so, ó ní ibòòji rẹ̀ tutù ju inú ilé lọ. Ní tèmi, mo ní bàbá yìí ti fẹ́ fi igi bù kún owó ilẹ̀. Ni mo bá ṣe ohun tí oníbàárà ń ṣe. Mo yọ ṣùtì sí igi náà.

"Bàbá, ẹ gbé igi yín," mo ní. "Ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà, n ò ra igi. Ẹ yọ owó igi kúrò níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Mọ́gàjí bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní etí mi kò di. Ó ní kí n tún un sọ kí àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́, mo tún un sọ. Ó tún ní kí n sọ ọ́ sí etí àbúrò rẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn dáadáa. Mo fi ariwo sọ ọ́, mo tún jó díẹ̀ sí i. Wọ́n sì yọ owó igi kúrò lóòótọ́, wọ́n yọ ọ́ débi pé mo ja ara mi léèékánná nítan kí n má bàa pariwo ayọ̀. Bí mo ti ń lọ sílé lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín ń pa mí. Ọlọ́kadà bi mí pé kí ló dé. Mo ní odindi ẹbí kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ jẹ.

Kì í ṣe pé n kò mọ àṣà wa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ kò tíì ta igi tó wà lórí rẹ̀, àfi bí ẹnu bá dárúkọ igi náà. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá ní n ò ra igi, wọ́n á wá gé e, wọ́n á kó o lọ dáná ni. N kò mọ̀ pé igi tí a kò rà lè dúró síbẹ̀ kó máa wo èèyàn.

Ọjọ́ tí bíríkìlà mi kó okùn àti èèkàn wá láti wọn ilẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti bó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan èèkàn àkọ́kọ́ ni ìyá arúgbó kan dé, pákò lẹ́nu, àpótí ìjókòó lábẹ́ apá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sídìí igi, ó jókòó, ó sì wo bíríkìlà títí ọmọ náà fi gbé òòlù sílẹ̀.

Ó bi mí bóyá èmi ni Ìyá Oníke. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni. Ó ní òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ obìnrin ilé náà, ẹ̀gbọ́n mọ́gàjí. Ó ní àwọn ọkùnrin ilé ló ni ilẹ̀, àwọn obìnrin ilé ló ni igi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú. Bí èso bá ti gbó, gbogbo wọn, ibi yòówù kí wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n á padà wá ká a, wọ́n á se é sídìí igi náà, wọ́n á fi ṣe irú tà.

"Àwọn àbúrò mi ròyìn ohun tí o sọ fún mi," ó ní. "Ó dùn mọ́ mi nínú. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ láyé ìsinsìnyí, igi olóhun ni ojú wọn ń wọ̀. Ìwọ nìkan lo la ẹnu pé o ò ra igi. Ọlọ́run yóò bá ọ ṣe é."

N kò rí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí rí láyé mi, ó sì dà bíi kí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi. Bíríkìlà mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín, ọmọ burúkú.

Mo sáré tọ mọ́gàjí lọ. Mo kúnlẹ̀ tán, ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ní mo ti yí ohùn padà, mo fẹ́ ra igi náà báyìí, kí wọ́n dá iye tó bá wù wọ́n lé e. Ó ń jẹ ẹ̀pà sísè, kò dá a dúró.

"Ìyá Oníke, ṣé èmi ni mo ní kí o má rà á ni?" ó ní. "Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ǹ bá ti bá ọ bẹ àwọn obìnrin ilé wa. Ní báyìí tí wọ́n ti gbọ́ pé o yọ̀ǹda igi fún wọn, bí mo bá fọwọ́ kàn án, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ni yóò sunkún mi?"

Mo ní èmi á wá sun ún. Ó ní ẹkún mi kò ní dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe há. Igi náà wà láàárín, ẹ̀ka rẹ̀ bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Àwọn onígi ní n kò gbọdọ̀ gé ẹ̀ka kan, n kò sì gbọdọ̀ kọ́lé dí ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí àti ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò kaná. Owó mi wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ wà lábẹ́ igi, igi wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, èmi wà láàárín wọn bí ẹyọ irú kan nínú ewé tí wọ́n dì pa. Iléyá sì ń bọ̀.

Mo padà tọ Alhaji lọ pé kó fi àyè díẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti di onílẹ̀, kí ni onílẹ̀ tún ń wá nínú ihò tòun? Gbogbo ọjà ló ti gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ mí ní Ìyá N-Ò-Ra-Igi. Bí mo bá lọ ra ata, aláta á bi mí pé ṣé ata nìkan ni àbí pẹ̀lú igi rẹ̀. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, mo máa ń jókòó ti oúnjẹ, òkèlè á gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Obìnrin tó ń ta iyọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n lu ihò sí gbòǹgbò igi náà, kí n da iyọ̀ àti kẹrosíìnì sí i, pé kò ní pẹ́ gbẹ. Mo ní ọjà rẹ̀ ló ń polówó. Síbẹ̀ mo rò ó, n kò ní parọ́. Mo rò ó títí mo fi ń wo àpò iyọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọkọ ọlọ́kọ. Ohun tó dá mi dúró ni pé ní ọ̀dàn wa, igi kì í pọ̀ lójú kan; wọ́n ta kété síra wọn bí orogún tó ń jà. Èyí tó bá gbẹ nígbà òjò, láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á ti rí i, wọ́n á sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Bí igi náà bá sì kú, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni ìyá yẹn yóò gbé àpótí rẹ̀ wá. Ta ni yóò gbé e kúrò?

Mo ní kí n tà á nígbà náà. Mo gba éjẹ́ǹtì kan, ọmọkùnrin tó ń wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóṣó, tó ń pe gbogbo ilẹ̀ ní ojúlówó. Ó ń mú àwọn èèyàn wá. Kí wọ́n tó débẹ̀, ìyá yẹn á ti wà lórí àpótí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn pọ̀ mọ́ igi. Wọ́n á kí i, wọ́n á béèrè ẹni tó jẹ́. Á ní òun ni onígi. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, á rántí pé òun gbé nǹkan kaná sílé.

Bíríkìlà mi ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé adágún Adó-Àwáyè kò so rọ̀ sórí òkè ni? Bí omi bá lè jókòó sórí àpáta, ṣọ́ọ̀bù yín náà lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi."

Mo ní bó bá wó, orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀nà mìíràn. Ó há ṣọ́ọ̀bù méjì mọ́ igun ilẹ̀ dípò mẹ́fà. Ojú wọn kọ igi, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ sí títì. Ó gé igun páànù kan kí ẹ̀ka lè ráyè kọjá. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rò pé igi náà ló kọ́lé, tó fi mí ṣe ayálégbé. Bí àwọn èèyàn ti ń jẹ ẹran Iléyá lọ́wọ́ ni mo kó ike mi débẹ̀. Alhaji fi itan ẹran kan ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́.

Ọjà kò rìn níbẹ̀ bí ó ti ń rìn láàárín ìlú. Àwọn tó ń kọjá lórí títì, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ike. Àwọn tó bá yà, ibòòji ni wọ́n yà wá gbà. Ọlọ́kadà á na ara rẹ̀ sílẹ̀, Fúlàní tó ń lọ ta wàrà á sọ ẹrù, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onígi, wọ́n á bọ́ sọ́nà. Èmi a máa wò wọ́n láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni kan tilẹ̀ bi ìyá yẹn lójú mi bóyá èmi ni ó gbà síṣẹ́. Ó ní rárá, pé èmi ni mo ni ilẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí pẹ̀lú àánú.

Ṣọ́ọ̀bù kejì, aránṣọ kan gbà á. Ó bá mi dúró títí igi fi yọ òdòdó, àwọn òdòdó pupa tó so rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Àdán ń wá mu omi inú wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń ṣu sórí aṣọ tó bá sá síta. Ó fara dà á. Nígbà tí èso wá gbó, àwọn obìnrin náà dé tàwọn ti ọ̀pá gígùn àti agbọ̀n. Wọ́n ń gbọn èso lulẹ̀, ó ń dún lórí páànù bí òkò. Wọ́n se kóró rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kó lè rà. Òórùn irú tó ń rà kì í tọrọ àyè kó tó wọlé. Aṣọ ìyàwó kan gba òórùn náà lọ sílé ọkọ ní Ìpàpó. Aránṣọ di máṣíìnì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, kò tilẹ̀ dúró gba owó tó kù sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni ayálégbé ara mi. Bí mo bá fẹ́ fi ẹ̀rín bù kún owó ilé, dígí ni n ó lọ wá.

Ní àsìkò ìkórè yẹn náà ni ìyá onígi wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Kò wọlé rí. Ó lọ tààrà sí báàfù tó tóbi jù, èyí tó ní ọmọrí, torí ó fẹ́ fi máa fọ kóró irú. Ó gbé e sókè, ó yí i po, ó fi èékánná ta á. Mo sọ iye rẹ̀. Ó yọ ṣùtì.

"Báàfù ni mo fẹ́ rà," ó ní, "n ò ra ọmọrí. Yọ owó ọmọrí kúrò níbẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níta ti ń retí rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo tà á fún un, mo sì fi ọmọrí kọ́ sórí ìṣó lára ògiri. Ọmọrí tí kò ní báàfù, ta ni yóò rà á? Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bíi tèmi.

Kò pẹ́ sí i tí éjẹ́ǹtì mi mú ọkùnrin kan wá, ọmọ Òkè-Ògùn tó ti ń gbé Èkó láti kékeré. Ó fẹ́ kọ́ ilé epo. Orí bá mi ṣe é, àwọn obìnrin ti kó irú wọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, tìyátàpótí. Abẹ́ igi dá páropáro. Éjẹ́ǹtì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n pa ẹnu mi mọ́, pé ẹnu náà ló kó mi síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ọkùnrin náà rìn yíká, ó fi bàtà tẹ ilẹ̀. Mo rí i pé ilẹ̀ náà wù ú, torí pé ó ń fajú ro. Ó ní títì náà léruku. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mi wọ́. Mo ṣe bí ẹni tó ń to ike. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Ohun tí ọkùnrin yìí bá san yóò kájú rẹ̀. Mo ti ń rí ara mi níbẹ̀, tí aláta ń kí mi, láìsí igi, láìsí àdán. Éjẹ́ǹtì, tó ní kí n pa ẹnu mọ́, kò wá lè pa tirẹ̀ mọ́. Ó ní kí ọ̀gá wo bí ibòòji ibẹ̀ ti tutù tó. Ọkùnrin náà gbójú sókè wo igi, ó yọ ṣùtì.

"Màmá, ẹ gbé igi yín," ó ní. "Ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà, n ò ra igi. Ẹ yọ owó igi kúrò."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi wò ó. Ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu. N kò parọ́, n kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ohun tó kù ni kí n ṣe bíi mọ́gàjí: kó tún un sọ, kí n gba owó, kí n máa lọ. Éjẹ́ǹtì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fajú ro. Mo ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ tún un sọ kí ẹlẹ́rìí gbọ́.

Ó tún un sọ, ó tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Mo yí ojú kúrò lára rẹ̀ kí n má bàa rẹ́rìn-ín, ni ojú mi bá bọ́ sórí ọmọrí lórí ìṣó.

Ẹ̀rín náà kò ti ẹnu wá, inú ikùn ló ti wá. Mo rín in títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń fi etí ìró nu ojú, mo ń gbìyànjú láti sọ pé kò sí nǹkan, ẹ̀rín ò jẹ́. Éjẹ́ǹtì ní ayọ̀ ló ń ṣe mí. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo éjẹ́ǹtì, ó wá wo igi náà láti ìdí dé orí.

"Kí ló wà nídìí igi yẹn?" ó béèrè.

Bí mo bá rí èémí fà ni, ǹ bá dá a lóhùn. Ohun tí ǹ bá sọ, títí di òní n kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé wọ́n sin nǹkan síbẹ̀. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn gbàgà, eruku bò wá. Éjẹ́ǹtì bọ́ bàtà ẹlẹ́nu ṣóṣó rẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó ní, "Màmá, ẹ ó kú síbí." Kò kí mi mọ́ látìgbà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá onígi dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó ti gbọ́; ní Ìsẹ́yìn, ta ni kì í gbọ́? Ó ní wọ́n ní mo fẹ́ ta àwọn. Mo ní ilẹ̀ ni mo fẹ́ tà, n ò ta igi. Ó ní òun mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ẹnu sí ìṣó ara ògiri.

"Èló lọmọrí yẹn?" ó ní. "Eṣinṣin ń wọ báàfù mi."

Mo ní ọmọrí nìkan kì í ṣe títà. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọrí, kó ra báàfù mọ́ ọn.

Ó pòṣé. Ó lọ jókòó lábẹ́ igi rẹ̀, mo jókòó lórí ilẹ̀ mi, kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Nígbà tí oòrùn yí, òjìji igi náà rọra wọ́ kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí ike mi. Kò sanwó ilé.